Adétóun Kò Fi Ẹsẹ̀ Rẹ̀ Pamọ́

"Ìyàwó wa, mo gbọ́ pé o fẹ́ lọ gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn ní ọjà lọ́jọ́bọ̀."

Ọ̀rọ̀ tí Màmá Fọláwùmí bá wọlé nìyẹn, kò tíì jókòó. Ẹ̀gbọ́n ọkọ Adétóun ni. Ó ti pé ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n tí Adétóun ti wọ ilé wọn, ó ti bímọ mẹ́ta, irun orí rẹ̀ sì ti ń funfun, síbẹ̀ "ìyàwó wa" ni màmá náà ṣì ń pè é, àfi bí ẹni tí wọ́n gbé dé lánàá.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Nọ́ọ̀sì Kaosarah ló ní kí n wá bá àwọn ará ọjà sọ̀rọ̀ lórí àtọ̀gbẹ."

"Wàá sì sọ pé ó ń ṣe ọ́?"

"Ìdí tí wọ́n fi pè mí nìyẹn, mà."

Màmá Fọláwùmí wá jókòó. Ó wo àbúrò rẹ̀, ọkọ Adétóun, ṣùgbọ́n ìyẹn tẹjú mọ́ tẹlifíṣọ̀n.

"Oṣù tó ń bọ̀ ni mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ Ìfẹ́dayọ̀," ni màmá náà wí. "Tí àwọn àna wa ní Baṣọ̀run bá gbọ́ pé irú àìsàn yìí wà lára ìyá ọmọ, ṣé o rò pé wọ́n á tún wá? Dákẹ́ títí a ó fi ṣe ìyàwó tán. Lẹ́yìn ìyẹn, o lè gun Òkè Màpó lọ pariwo ẹ̀."

"Mo ti gbọ́, mà," ni Adétóun dáhùn. "Ṣùgbọ́n mo máa lọ."

Ọdún kẹtàlélógún rèé tí Adétóun ti ń ta pákó ní Bódìjà. Ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, ìṣó kan gún un lẹ́sẹ̀ ọ̀tún ní ìsọ̀ rẹ̀. Ó fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, ó fi aṣọ dì í, ó wọ ìbọ̀sẹ̀ lé e. Egbò náà kò jinná. Oṣù méjì ni kò fi fi han ẹnikẹ́ni, torí pé irú egbò bẹ́ẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ ìyá tirẹ̀ kó tó kú, àwọn ará ilé sì ní ọ̀tá ló wà nídìí ẹ̀. Nígbà tí yóò fi dé ilé ìwòsàn, ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ méjì ti kú. Wọ́n gé wọn.

Nọ́ọ̀sì Kaosarah tó ń wẹ egbò náà fún un ló bá a jókòó, tó ṣàlàyé pé àtọ̀gbẹ ló wà lára rẹ̀, pé kì í lọ pátápátá, ṣùgbọ́n ènìyàn lè bá a gbé títí di arúgbó bí ó bá ń lo oògùn, tó ń ṣọ́ ohun tó ń jẹ, tó sì ń fẹsẹ̀ rìn. Adétóun sunkún lọ́jọ́ náà. Kì í ṣe nítorí ìka. Ìyá rẹ̀ ló ń rò, tí ẹnikẹ́ni kò sọ nǹkan kan fún.

Ẹni mẹ́ta ni nọ́ọ̀sì bẹ̀ kí wọ́n wá sọ̀rọ̀ lọ́jọ́bọ̀. Ọ̀kan ní òun rìnrìn àjò, èkejì pa fóònù rẹ̀. Adétóun nìkan ló dìde lábẹ́ kánópì tí wọ́n ta sẹ́nu ọ̀nà ọjà pákó. Àwọn káfíńtà wà níbẹ̀, àwọn alábàárù wà níbẹ̀, àwọn obìnrin tí wọ́n jọ ń ta pákó náà jókòó síwájú.

Kò tíì sọ̀rọ̀ jìnnà tí Jóṣúà káfíńtà fi nawọ́.

"Ìyá onípákó, ẹ ní ká dín ẹ̀bà kù, ẹ ní ká má mu mínírà. Kí la ó wá máa jẹ, ṣé pákó?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Adétóun dúró kí ẹ̀rín náà tán.

"Èmi náà ń jẹ ẹ̀bà, Jóṣúà. Kò ju ìkúùkù mi yìí lọ, ẹ̀fọ́ ló pọ̀ jù nínú abọ́ mi. Omi ni mò ń mu lọ́sàn-án. Tí mo bá ń bọ̀ láàárọ̀, Sẹkitéríàtì ni mo ti ń sọ̀kalẹ̀ lọ́kọ̀, màá fẹsẹ̀ rìn dé ìsọ̀. Ó nira fún mi. Ṣùgbọ́n ẹ wo èyí."

Ó jókòó sórí àga, ó bọ́ bàtà, ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀, ó sì gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè. Ẹ̀rín tán lẹ́nu wọn.

"Ẹnu tí mo pa mọ́ ló gba ìka méjì yìí lọ́wọ́ mi. Wọ́n tún ti ní kí n dákẹ́, nítorí ọmọbìnrin mi fẹ́ lọ sílé ọkọ. Mi ò dákẹ́. Bí ilé tó ń lọ kò bá fẹ́ ọmọ ẹni tó ń lo oògùn, kí wọ́n tètè sọ."

Ènìyàn mọ́kànlélọ́gọ́ta ló yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lọ́jọ́ náà. Jóṣúà wà lára wọn. Ṣùgbọ́n ẹnìkan ti ká ọ̀rọ̀ náà sórí fóònù, nígbà tó sì fi di ìrọ̀lẹ́, ó ti dé Baṣọ̀run.

Ìfẹ́dayọ̀ wọlé láti iléèwé tó ti ń ṣe olùkọ́ ní Ring Road. Kò kí ẹnikẹ́ni.

"Mọ́mì, nínú fóònù ẹlẹgbẹ́ mi ni mo ti gbọ́ ohùn yín. Àìsàn yín, tiyín ni, ẹ lè sọ ọ́. Ìgbéyàwó mi ńkọ́? Ẹ ò bi mí léèrè."



"Mo jẹ̀bi ìyẹn," ni Adétóun wí. "Ó yẹ kí n bi ọ́. Má bínú. Ṣùgbọ́n mi ò ní bẹ ẹnikẹ́ni torí pé ara mi ò yá."

Ní Sátidé, àwọn àna ránṣẹ́ pé àwọn ń sún ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ síwájú. Màmá Fọláwùmí ní kí gbogbo ará ilé jọ lọ dọ̀bálẹ̀ fún wọn. Adétóun kò dúró de ẹnikẹ́ni. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, òun nìkan wọkọ̀ lọ sí Baṣọ̀run, ó sì bá ìyá Fìyìnfólúwa, ọkọ àfẹ́sọ́nà ọmọ rẹ̀, nílé.

"Ẹ kú ìjókòó, mà. Mo ní kí ẹ bi mí ní ohun tó wà lọ́kàn yín lójúkojú."

Ìyá náà bi í pé, "Ṣé àwọn ọmọ-ọmọ wa náà máa ní in?"

"N kò mọ̀, mà. Ó máa ń rìn nínú ìdílé. Ìfẹ́dayọ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì ń yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò lọ́dọọdún. Nínú ilé yín ńkọ́, ta ló ti yẹ tirẹ̀ wò?"

"Kò sí."

"Ẹ ò tíì mọ̀ bóyá ẹ̀yin náà ní in nìyẹn, mà. Èmi mọ tèmi."

"Ẹnu yín le, mà."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó le."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi sún un. Wọ́n wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àbúrò bàbá ọkọ kan kọ̀ láti bá wọn wá. Lọ́jọ́ náà, Màmá Fọláwùmí fa Adétóun sí kọ̀rọ̀. "Ìyàwó wa, jọ̀ọ́, lónìí nìkan, má sọ ọ́."

Nígbà tí wọ́n ń pín nǹkan mímu, omi ni Adétóun gbà. Bàbá kan nínú àwọn àna rí i, ó ní, "Ìyá ìyàwó, àbí ẹ ò bá wa yọ̀ ni?"

Adétóun wo Ìfẹ́dayọ̀. Ọmọ náà mi orí díẹ̀ fún un pé kó sọ ọ́.

"Mo ń bá yín yọ̀ gan-an, sà. Àtọ̀gbẹ ló ń ṣe mí, n kì í mu nǹkan dídùn. Ẹ̀rọ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wà nínú báàgì mi. Ẹni tó bá fẹ́ mọ tirẹ̀, kó wá bá mi ní yàrá lọ́hùn-ún."

Ẹni mẹ́rin ló dìde tẹ̀ lé e. Màmá Fọláwùmí kò sí lára wọn.