Àwọ̀n Ẹ̀yìn Odò

Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ń kà á: bí inú bá ń bí yín sí ẹnì kan, ẹni náà ni kí ẹ kọjú sí. Ẹ má fi ẹ̀mí tí kò mọ̀dí ọ̀rọ̀ jà. Mo ti sọ tèmi.

"Tẹ orí ba. Ọrùn rẹ ti ga jù," ni Dókítà Adéyọ̀sọ́lá wí, ó sì fi okùn awò ńlá rẹ̀ kọ́ Olúdọ̀tun lọ́rùn. Awò náà ni ó fi ń fa ẹyẹ ọ̀ọ́kán súnmọ́ ojú. "Ojú mi ti ṣú. Máa bá mi wò ó, kí o máa sọ ohun tí o bá rí fún mi."

Yúnúsà wà nídìí igi obì, ó ń dẹ àwọ̀n tí wọ́n fi ń mú ẹyẹ. Ó rí i. Ó ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Nígbà tí Dókítà obìnrin yìí kọ́kọ́ dé Ìpara, tí ó ń mú ẹyẹ, tí ó ń fi òrùka sí wọn lẹ́sẹ̀ kí ó lè dá wọn mọ̀ bí wọ́n bá padà wá, tí ó sì ń tú wọn sílẹ̀, ta ni ó sún mọ́ ọn? Kò sí ẹni tó ṣe irú rẹ̀ rí níbẹ̀. Àwọn ará ìlú ní àjẹ́ ni; obìnrin wo ló ń bá ẹyẹ sọ̀rọ̀ nínú igbó? Bí ó bá ń kọjá, àwọn abiyamọ a fi ìborùn bo ọmọ wọn. Yúnúsà nìkan ló gbé àwọ̀n tẹ̀ lé e. Ìyá tó bí i sunkún títí, ó ní ọmọ òun ti kó sí àjẹ́ lọ́wọ́. Nígbà tó yá, òyìnbó ń ti òkè òkun wá kí Dókítà, àwọn ọmọ yunifásítì ń wá kọ́ṣẹ́, ẹnu ará ìlú sì yí padà, wọ́n ń pè é ní Ìyá Wa. Yúnúsà ṣì ń gbé àwọ̀n.

Àfi bí Olúdọ̀tun ṣe ti Ìsarà dé láìpẹ́ yìí, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì tí ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Wúlẹ̀mọ̀tù, ìyàwó Yúnúsà, ti sọ ọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà.

"Bàbá Hàmdálátù, wọ́n ní ọmọ Ìsarà yẹn ni Màmá fẹ́ fi ìtọ́jú igbó ẹyẹ sílẹ̀ fún. Ẹ̀yin tí ẹ ba orúkọ jẹ́ nítorí wọn ńkọ́? Ṣé ẹ máa bá a gbálẹ̀ ni?"

Yúnúsà gbé ẹ̀kọ tó ń mu sílẹ̀. Ó gbé àwọ̀n rẹ̀, ó jáde.

Ìlànà wọn ni pé àwọ̀n tí a bá ṣí, ènìyàn gbọ́dọ̀ máa lọ sídìí rẹ̀ léraléra. Ẹyẹ tó bá pẹ́ níbẹ̀, oòrùn á pa á. Bí Yúnúsà bá lọ kírun Jímọ̀, Olúdọ̀tun a ṣọ́ àwọ̀n. Bí Olúdọ̀tun bá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, Yúnúsà a ṣọ́ ọ. Kò sí ìjà níbẹ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni ọjọ́ náà, oòrùn sì ti ń mú. Yúnúsà ṣe àlùwàlá.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi gbàdúrà o," ni Olúdọ̀tun wí. "Ẹ ní kí Ọlọ́run fún mi níyàwó."

"Ìyàwó wo ló máa fẹ́ ẹni tó ń rùn bí ìtẹ́ ẹ̀gà?"

Olúdọ̀tun rẹ́rìn-ín títí. "Àwọ̀n ẹ̀yìn odò ńkọ́? Ó ṣì wà ní ṣíṣí?"

Yúnúsà wo awò tó ń fì lọ́rùn ọmọkùnrin náà.

"Mo ti ká a. Má yọ ara rẹ lẹ́nu débẹ̀. Jókòó ti Màmá."

Kò tíì ká a.

Ní mọ́ṣáláṣí, lèmọ́mù ń wàásù, etí Yúnúsà ò gbọ́ nǹkan kan. Ó forí kanlẹ̀, ẹyẹ ló ń rí. Ó fẹ́ dìde. Ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wò ó. Ó tún forí kanlẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á láti lọ, ẹ̀rù sì ń bà á láti dúró.

Nígbà tó padà dé, Dókítà àti Olúdọ̀tun ti wà lẹ́yìn odò. Dókítà jókòó sórí koríko, òkú olongo wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Àwọn mìíràn ṣì rọ̀ sára àwọ̀n. Ìbákà kan wà nílẹ̀ tó ní òrùka lẹ́sẹ̀. Dókítà fi ìka wá òrùka náà kàn.

"Èyí máa ń padà wá sọ́dọ̀ wa," ni ó wí. "Ta ló fi àwọ̀n yìí sílẹ̀?"

Olúdọ̀tun wo Yúnúsà. Ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó dọ̀bálẹ̀.

"Èmi ni, mà. Mo gbàgbé."

Ó yẹ kí inú Yúnúsà dùn. Ohun tó ń wá ló rí. Ṣùgbọ́n ńṣe ni ìlara rẹ̀ tún gbóná sí i: ọmọ yìí tún fi ìwà jù ú lọ!

"Kó ẹrù rẹ, kí o máa lọ sílé," ni Dókítà wí. Ó yíjú sí ibi tí ẹsẹ̀ Yúnúsà ti dún. "O rí i, Yúnúsà? Ohun tí ìwọ ti mọ̀ ni mò ń kọ́ Dọ̀tun, kí ó lè máa ràn ọ́ lọ́wọ́ bí mi ò bá sí mọ́. Ọwọ́ rẹ ni igbó yìí máa wà. Ta ni mo tún ní?"

Olúdọ̀tun ti dìde, ó ń gbọn koríko dànù lára ṣòkòtò rẹ̀.

"Kò gbàgbé," ni Yúnúsà wí. Ohùn rẹ̀ kéré. "Màmá, kò gbàgbé o. Èmi ni mo sọ fún un pé mo ti ká a. Irọ́ ni mo pa."

"Ìwọ?" Dókítà gbé ẹyẹ náà sílẹ̀. "Kí ni mo fi ṣe ọ́?"

"Ẹ ò ṣe mí ní nǹkan kan, mà."

"Kí ni Dọ̀tun fi ṣe ọ́?"

"Kò ṣe mí ní nǹkan kan."

"Kí ló wá dé? Mò ń bá ọ sọ̀rọ̀, Yúnúsà. Kí ló dé?"

Ó kúnlẹ̀ sídìí àwọ̀n, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú àwọn tó kù, ẹsẹ̀ kọ́kọ́, lẹ́yìn náà ìyẹ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà. Ẹ má bi mí mọ́."

Dókítà tún bi í. Yúnúsà tún tú òmíràn.