Òkúta Kan Lórí Ibojì Kamiński

Òkúta kan jókòó lórí òkúta. Ó kéré, ó funfun, ó rí roboto bí ẹyin àdàbà. Ìgbálẹ̀ mi ti gbéra, ó ku díẹ̀ kí n gbá a dànù, o di ọwọ́ mi mú.

Olówó orí mi, itẹ́ òkú àwọn èèyàn rẹ nílẹ̀ Pólàǹdì la wà. Ní Ìkìrun tí wọ́n bí mi sí, ẹni tó bá lọ kí bàbá rẹ̀ níbojì a fa koríko tu, a gbálẹ̀ mọ́. Ìdọ̀tí ni mo pe òkúta yìí. Ìwọ lo ń sọ fún mi, ohùn rẹ kò ju èémí lọ, pé láàárín ẹ̀yin Júù, ẹni tó wá kí òkú kì í mú òdòdó wá. Òkúta ni í gbé sílẹ̀. Òkúta ni í sọ pé, mo wá, n kò gbàgbé.

Ta ló wá, nígbà náà?

Orúkọ ìdílé yín, Kamiński, kò ràn wá lọ́wọ́. Kamień ni òkúta lédè Pólàǹdì, ìletò tó sì ń jẹ́ Òkúta pọ̀ nílẹ̀ náà bí Òkè ti pọ̀ nílẹ̀ wa. Ẹni tó bá ti ibẹ̀ wá, Kamiński. Ọlọ́lá ń jẹ́ ẹ, àgbẹ̀ ń jẹ́ ẹ. Nígbà tí ìjọba pàṣẹ pé kí olúkúlùkù Júù ní orúkọ ìdílé, àwọn Júù náà ń jẹ́ ẹ. Orúkọ kan, ìyá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ó wà lẹ́nu ọ̀nà oníṣègùn. Ó wà lára ṣọ́ọ̀bù oníbúrẹ́dì. Ó wà lábẹ́ àgbélébùú ní itẹ́ òkú ìjọ Àgùdà. Bí o ti ń béèrè ẹbí rẹ kiri, àwọn ará ìlú ń fi ọ́ rẹ́rìn-ín: wọ́n ní kí o sọ òkò sáàárín ọjà, orí Kamiński ni yóò bà. Ẹgbàágbèje Kamiński, kò sí ọ̀kan tó jẹ́ tìrẹ. Ogun ti gbá agbo ilé yín lọ, o sì ti gbà pé ìwọ nìkan ló kù.

Ṣùgbọ́n wò ó. Símónì ọmọ Èlíjà, bàbá ńlá rẹ, nìyí. Ibojì yí i ká lọ́tùn-ún lósì, ewé nìkan ló wà lórí wọn. Lórí tirẹ̀, ewé wà, òkúta wà.

Mo rọra gbé e. Ewé kan ń bẹ lábẹ́ rẹ̀, ó pọ́n bí epo, ó ṣì rọ̀. Ọ̀sẹ̀ yìí ni igi tó wà lókè wa ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ́wé. Afẹ́fẹ́ a máa gbé ewé. Afẹ́fẹ́ kì í gbé òkúta.

Ẹnìkan wá lọ́sẹ̀ yìí. Ẹnìkan mọ Símónì láàárín ẹgbàágbèje. Ẹnìkan ń mí, ẹnìkan ń jẹun, ẹnìkan ń sùn nílẹ̀ yìí, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ.

Mo dá òkúta náà padà sórí ewé rẹ̀ gẹ́lẹ́. Mo sọ ìgbálẹ̀ sílẹ̀. Mo ṣa òmíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, mo fi ìró mi nù ún, mo fi lé ọ lọ́wọ́. O ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ, o gbé e ti òkúta àkọ́kọ́, kí ẹni náà lè mọ̀, nígbà tó bá tún dé, pé òun nìkan kọ́ ló kù.

Wọ́n kanra, wọ́n dún kò.

Òkúta méjì jókòó lórí òkúta.