Ta Ló Ṣí Abọ́ Òkun?

3.

…ó sì tún kú. Ojú kọ̀ǹpútà ló sọ fún mi:

MẸ́MỌ̀RÌ TÁN. MO PA ÒKUN.

4.

Òkun kì í ṣe ènìyàn. Iṣẹ́ kan ni, nínú kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tó wà ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́ apẹja wa. Ó ń ṣírò afẹ́fẹ́ àti ìgbì. Tí ìjì bá ń bọ̀, á ké, a ó sì fa àsíá pupa sókè létí omi.

Sewanu ẹ̀gbọ́n mi kì í gbọ́ rédíò. Àsíá yẹn ló ń wò kó tó ti ọkọ̀ rẹ̀ sómi.

5.

ÌKÉDE (lára ilẹ̀kùn)

Nítorí ọ̀wọ́n gógó, kò sí kọ̀ǹpútà kejì.
ÒKUN àti ORÚKỌ yóò jọ máa lo ẹyọ kan yìí.
Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ béèrè iṣẹ́ tí ORÚKỌ ń ṣe.
Ẹni tó bá fa àsíá láìjẹ́ pé ẹ̀rọ pàṣẹ, ọlọ̀tẹ̀ ni.
Àṣẹ ológun.

6.

Ọ̀gbẹ́ni Adélékè ló gbé Orúkọ wá. Ará Èkìtì ni. Ó ń gbé Badagry, bàtà rẹ̀ kì í ní iyanrìn.

Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wọ inú Orúkọ, àwọn ṣọ́jà á dá a dúró lójú ọ̀nà ní Aradagun. Lẹ́yìn ìyẹn, a kì í rí i mọ́.

7.

Ohun tí Áńkù Dosu, àbúrò ìyá mi tí a jọ ń tọ́jú ẹ̀rọ náà, fi abọ́ ilé ìdáná kọ́ mi, kí n tó fojú kan kọ̀ǹpútà:

Mẹ́mọ̀rì ni ìkòkò ọbẹ̀. Àwọn iṣẹ́ ni ọmọ ilé. Kánẹ̀ẹ̀lì, ọ̀gá inú ẹ̀rọ, ló mú ṣíbí dání, nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ojú kò tó.
Tí ìkòkò bá gbẹ, Kánẹ̀ẹ̀lì kì í bẹ ẹnikẹ́ni. Á pa ọmọ kan.
Àfi ọmọ tí a bá fi ọmọrí bo abọ́ rẹ̀. Ìpín tirẹ̀ nìyẹn, bí kò tilẹ̀ sí nílé.

Bí ìyá mi ṣe ń bo abọ́ Sewanu nìyẹn tó bá wà lójú omi. Ẹnikẹ́ni kì í ṣí i.

Ìkòkò ti ọ́fíìsì kéré. Ọmọrí kan ló gbà.

8.

Lánàá, mo bo abọ́ Òkun. Lónìí, mo bá a ní ṣíṣí.

9.

Àwọn tó lè ṣí i:

Adélékè.
Áńkù Dosu.
Èmi. (Mo ti bi ara mi. N kò tíì gba ara mi gbọ́.)

10.

ADÉLÉKÈ: Láídé, o kì í kí ènìyàn ni?
ÈMI: Ẹ káàsán, sà.
ADÉLÉKÈ: Bàtà mi lò ń kí.
ÈMI: Rárá, sà.
ADÉLÉKÈ: Bàtà mi kọ́ ló pa Òkun. Èmi mọ orúkọ tẹ̀, n kò mọ mẹ́mọ̀rì pín. Tí ẹ̀rọ bá lọ́ra, ta ni mò ń ké pè?
ÈMI: Áńkù Dosu.
ADÉLÉKÈ: Lọ bi í.

11.

ÈMI: Áńkù, ẹ ṣí abọ́ Òkun.
DOSU: *(ó ń nu awò ojú rẹ̀)* O ti jẹun?
ÈMI: Orúkọ lẹ wá gbé ọmọrí náà bò.
DOSU: Vi ṣie, ọmọ mi. Wọ́n ní tí Orúkọ bá kú lọ́wọ́ mi, orúkọ tèmi ni wọ́n máa kọ́kọ́ tẹ̀ tí wọ́n bá tún un bẹ̀rẹ̀.
ÈMI: Sewanu ńkọ́?
DOSU: Ojú ọ̀run mọ́.
ÈMI: Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé ojú ọ̀run kọ́ ni ìgbì.

Ó dá awò náà padà sójú. Kò wò mí.

12.

Iyanrìn ń ta lu fèrèsé. Láti ibi tí mo jókòó sí, mo ń rí Sewanu létí omi. Ọwọ́ rẹ̀ wà lára ọkọ̀. Ó ń wo òpó àsíá. Kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀.

13.

Ọmọrí kan.

Abọ́ méjì. Mo tún Òkun bẹ̀rẹ̀, mo sì gbé ọmọrí náà padà bo abọ́ rẹ̀.

14.

Kì í bẹ ẹnikẹ́ni.

15.

ÒKUN Ń KÉ.
MẸ́MỌ̀RÌ TÁN. MO PA ORÚKỌ.

16.

Mo fa àsíá náà fúnra mi. Ọkọ̀ Sewanu kò sí létí omi mọ́. Bóyá ó ti wọ́ ọ gun òkè. Bóyá.

Nígbà tí mo padà dé ọ́fíìsì, awò Áńkù Dosu wà lórí tábìlì. Ipa bàtà ṣọ́jà wà ní gbogbo ilẹ̀. Oníyanrìn ni.

18.

Ìyá mi kò bi mí ní ohunkóhun. Ó bu oúnjẹ.

Abọ́ méjì ló bò.