Dọ́fíìnì Ellenwood

Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú, tẹlifíṣọ̀n ni mò ń bá gbé. Ibẹ̀ ni mo ti rí àwọn dọ́fíìnì, ẹranko omi tó dà bí ẹja ńlá, tó ń gbé inú odò Ganges ní India. Omi odò náà rú tó bẹ́ẹ̀ tí ojú wọn kò fi wúlò fún wọn mọ́. Wọ́n á ké, ìró igbe náà á lọ kan nǹkan, á padà sọ́dọ̀ wọn, wọ́n á sì mọ ọ̀nà. Mo wò ó tán, mo ní kò kàn mí.

Ṣìkẹ́mi ọmọ mi, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Marietta, ti ń bẹ̀ mí pé kí n kúrò ní Ellenwood níbí, ní Georgia ní Amẹ́ríkà, wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Mo kọ̀. Èmi tí mo ní kí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì yéé sunkún níbi ìsìnkú ìyàwó mi, ṣé èmi ni wọ́n fẹ́ máa tọ́jú?

Lọ́sàn-án ọjọ́ Tuesday, mo ra búrẹ́dì dé, mo gba inú garage, ibi tí mò ń gbé ọkọ̀ sí, wọlé, mo sì ké bí mo ṣe máa ń ṣe: "Màmá Ṣìkẹ́mi, mo ti dé o. Wọn ò ní èyí tí o fẹ́ràn."

Ṣìkẹ́mi jókòó sí kíṣìnnì, ó ń wò mí. Ó ní kọ́kọ́rọ́ ilé. Ọkọ̀ rẹ̀ wà níwájú ilé ní gbangba, síbẹ̀ n kò rí i.

Dípò kí n dákẹ́, mo di tíṣà. Mo ṣàlàyé India fún un, mo ṣàlàyé omi rírú àti igbe. Mo ní sáyẹ́ǹsì ni mò ń dán wò, èmi tí mo gba F9 nínú Biology. Mo fi kún un pé bí wọ́n bá gbé dọ́fíìnì odò lọ sínú òkun, kò ní pẹ́ tí yóò fi kú.

"Dádì, Marietta kì í ṣe òkun."

Mo ní mo mọ̀.

"Tí ẹ bá wá pè báyìí, kí ló máa ń padà wá bá yín?"

Mo wá ohùn tí mo fi ń bá a wí nígbà tó wà lọ́mọdé, n kò rí i.

"Fíríìjì," ni mo sọ. "Ìró fíríìjì nìkan."

Ó fi ọwọ́ bo ojú. Mo tú ọ̀rá búrẹ́dì, mo tún dì í. Lẹ́yìn náà mo bi í bóyá ẹnikẹ́ni máa ń dáhùn nílé tiwọn bí èèyàn bá wọlé.

"Ìbùkúnolúwa ọmọ mi á dáhùn, sà, tí kò bá ti fi headphone sétí."

Mo ní kí ọmọ náà máa yọ ọ́ létí bí mo bá jáde, kí ó lè gbọ́ mi nígbà tí mo bá dé. Ó ní òun á sọ fún un. Mo wá lọ mú àpótí aṣọ kékeré, mo fi èyí tó tóbi sílẹ̀, kí ó má baà dà bíi pé mo ti gbà láti kó lọ.