Bí Mo Ṣe To Ojú Kọ̀ǹpútà De Ẹ̀gbọ́n Mi

Ẹ̀gbọ́n mi Maximin lọ kàwé ní ilẹ̀ Faransé ní ọdún 1990. Ìwé náà mà pọ̀ o, nítorí títí di ọdún 1999 kò tíì kà á tán, kò sì rí àyè kọ lẹ́tà kan ṣoṣo sílé láti ìgbà tí bàbá wa, tí wọ́n jẹ́ tísà, ti kú ní 1994. Kò wá sìnkú. Àbúrò bàbá wa kan bínú, wọ́n sọ fún un lórí tẹlifóònù pé kí ó má fẹsẹ̀ tẹ Bantè, ìlú wa, mọ́ láéláé. Ọmọ tí kì í gbọ́ràn sí àgbà lẹ́nu láti kékeré bá gbọ́ràn lọ́jọ́ yẹn! Kò wá mọ́, kò pè mọ́, kò sì gbé tẹlifóònù mọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mi ò pe ẹ̀gbọ́n mi ní "wọ́n". Ọ̀wọ̀ náà wà níbẹ̀, mo kàn gbé e pamọ́ ná.

Ohun kan ṣoṣo ni ìyá wa ń fẹ́: kí wọ́n gbọ́ ohùn ọmọ wọn. Wọn ò ní kó wá, wọn ò ní kó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Savalou ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n gbogbo ọjọ́ Sunday ni mo máa ń lọ kí wọn ní Bantè, bí mo bá sì ti sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà báyìí, wọ́n á ní, "Viviane, ṣé ó ti sọ̀rọ̀?" Mà á ní, "Rárá, Màmá." Wọ́n á ní, "Ó dáa," wọ́n á sì máa ṣa ẹ̀wà wọn lọ. Ì bá sàn kí wọ́n bú mi. "Ó dáa" yẹn dùn mí wọnú egungun.

Nígbà tó yá, Florentine, ọmọ àǹtí wa, ti Paris dé. Ó rí Maximin níbẹ̀. Ó ní ó sanra, ó ní kò fẹ́ gbọ́ orúkọ ilé sétí, ó sì ní ní gbogbo ọ̀sán Sátidé ó máa ń jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, òun àtàwọn èèyàn láti ìlú oríṣiríṣi á pàdé nínú eré kan tó ń gba okùn tẹlifóònù kọjá. Nínú eré yẹn, olúkúlùkù ní ara mìíràn àti orúkọ mìíràn, wọ́n á kó ara wọn jọ, wọ́n á lọ bá ẹranko burúkú jà nínú ihò. Kọmáńdà ni wọ́n ń pe Maximin níbẹ̀. Ẹni tí kò lè darí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wálé ló ń darí ọmọ ogun. Ẹ kú oríire, Kọmáńdà.

Ó ṣẹlẹ̀ pé iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni mò ń ṣe ní bíróò kan ní Savalou. A ní kọ̀ǹpútà kan, a ní okùn tẹlifóònù kan. Ọ̀gá wa, Ọ̀gbẹ́ni Félicien, fi aṣọ tí ìyàwó wọn kó iṣẹ́ sí lára bo kọ̀ǹpútà náà bí ẹni tó ń bo ìkòkò ọbẹ̀, wọn kì í sì í fọwọ́ kàn án. Mo ní mo fẹ́ máa fi ọjọ́ Sátidé kọ́ṣẹ́ sí i. Wọ́n yìn mí gan-an. Inoussa, tó ń tún rédíò ṣe lọ́jà tí a sì máa ń pè bí kọ̀ǹpútà bá dákú, ló bá mi fi eré tí Florentine mú bọ̀ sínú rẹ̀.

Orúkọ ara mi gan-an ni mo kọ́kọ́ fi wọlé, òmùgọ̀ tí mo jẹ́. Mo rí Kọmáńdà, mo kọ ọ́ sí i pé, "Ẹ̀gbọ́n, èmi Viviane ni. Màmá fẹ́ gbọ́ ohùn yín." Bọ́tìnì kan wà nínú eré náà tó jẹ́ pé bí èèyàn bá ti tẹ̀ ẹ́, kò ní rí ọ̀rọ̀ rẹ mọ́ láé. Ó tẹ̀ ẹ́. Mo sunkún títí, mo wá nu ojú, mo padà wọlé ní ọ̀sẹ̀ kejì gẹ́gẹ́ bí obìnrin oníṣègùn tó wọ aṣọ funfun. Mirabelle ni mo pe ara mi. Èso kan ni wọ́n ní ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, mi ò jẹ ẹ́ rí.

Ẹgbẹ́ Kọmáńdà ń wá oníṣègùn, ẹni tí yóò máa wo àwọn yòókù sàn bí ìjà bá ń lọ. Wọ́n ní àwọn á dán mi wò ní Sátidé kan. Ṣùgbọ́n wọ́n ní bí eré náà ṣe rí láti ilé ẹni tó ṣe é kò dára fún oníṣègùn. Àwọn ohun èlò kan wà tí àwọn mìíràn ṣe, kí n gbà wọ́n wálé láti orí okùn tẹlifóònù láti fi kún un. Ó mà rọrùn o! Inoussa jókòó tì í fún Sátidé méjì. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni okùn já. Ó bá a sọ Faransé, ó fi èdè Mahi bú u, okùn kò gbọ́ ìkankan.

Ni mo bá ní, "Inoussa, fi sílẹ̀. Èyí tí wọ́n fún wa náà la máa tò."

Ẹ wá wo ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé tó ṣe eré náà kà sí pàtàkì. Wọ́n gbé aago olóṣùpá ràgàjì sí òkè. Wọ́n gbé àpò sí àárín gbùngbùn, bí ẹni pé aṣọ la fẹ́ tà. Wọ́n fi àwòrán ọ̀nà bo ìdajì ojú gíláàsì. Ìlà tó ń fi hàn bí ẹ̀jẹ̀ àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹni ṣe kù sí, èyí tí oníṣègùn ní láti máa ṣọ́, wọ́n fà á tín-ín-rín sí kọ̀rọ̀. Mo ti aago wọlẹ̀. Mo pa àpò dé. Mo fún àwòrán ọ̀nà mọ́ra títí ó fi kéré bí ìdérí ìgò. Mo wá fa ìlà ẹ̀jẹ̀ àwọn ẹlẹgbẹ́ wá sí àárín, mo jẹ́ kí ó sanra, mo kùn ún ní pupa. Inoussa gé bébà pélébé pélébé, kí a lè kọ orúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan sí i, kí a sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí àwọn bọ́tìnì tí mà á máa tẹ̀. Ó rẹwà! Mo dìde, mo jìnnà sí i díẹ̀, mo wò ó, inú mi dùn.

Ó ku bí mà á ṣe to àwọn èèyàn náà tẹ̀léra wọn. Eré náà gbà kí èèyàn tò wọ́n bó ṣe fẹ́. Mo béèrè ọjọ́ orí gbogbo wọn. Ó yà wọ́n lẹ́nu, wọ́n ní kò sẹ́ni tó béèrè irú rẹ̀ rí, àmọ́ wọ́n sọ fún mi. Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin ní Liège jẹ́ ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta: mo fi bàbá sí bọ́tìnì kìíní. Kọmáńdà, ọdún méjìdínlógójì, sí ìkejì. Àwọn méjì kan tẹ̀ lé e. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni mo fi Lúsì sí, ọmọbìnrin ọlọ́dún mọ́kàndínlógún kan ní Toulouse. Bí a ṣe ń bu oúnjẹ nílé wa nìyẹn, ta ló tún ń rò ó lẹ́ẹ̀mejì?

Ní Sátidé ìdánwò, Màmá ti Bantè dé láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní àwọn fẹ́ rí ibi tí ọmọ àwọn wà. Mo gbé àga fún wọn sẹ́yìn mi. Wọ́n wo ojú kọ̀ǹpútà títí.

"Èwo ni Maximin níbẹ̀?"

"Onífìlà pupa yẹn ni, Màmá."

"Ó ti wá ga," ni wọ́n wí. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n ń ṣẹ̀fẹ̀ ni.

A wọ ihò lọ. Ẹranko olórí mẹ́ta kan jáde. Lúsì ló dúró níwájú, òun ni asà gbogbo wa, òun ni ẹranko náà ń bù jẹ lóríṣiríṣi. Èmi sì ń ṣiṣẹ́ mi bó ṣe yẹ: mo kọ́kọ́ wo bàbá Liège sàn, tí ó wà lẹ́yìn pátápátá, tí ó fara pa bí ẹni tí ẹ̀fọn jẹ. Mo wo Kọmáńdà sàn. Mo wo ìkẹta, mo wo ìkẹrin. Nígbà tí n ó fi dé ọ̀dọ̀ Lúsì, Lúsì ti kú. Ẹranko náà wá kọjú sí àwa yòókù, kò sì pẹ́ tó fi pa wá tán.

"Ọmọ yẹn kú?" ni Màmá béèrè.

"Eré ni, Màmá. Ó máa jí láìpẹ́."

Èébú bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ bí òjò ní Faransé. Kọmáńdà kọ ọ́ pé, "Mirabelle, kí ló dé tí o fi ẹni tó wà níwájú sílẹ̀?" Orí mi ti gbóná, mi ò rò ó, mo kọ ọ́ pé, "Àgbà ni mo kọ́kọ́ dá lóhùn. Lúsì ló kéré jù, kó ní sùúrù." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, wọ́n ń béèrè irú ìlú tí mo ti wá. Kọmáńdà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Ọ̀rọ̀ kan wá yọ, ní èdè ilé wa: "Bantè ni àbí Gouka?"

Mo kọ ọ́ pé, "Bantè. Ilé tísà."

"Viviane."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ti ilẹ̀kùn mọ́ mi. Màmá ló jókòó sẹ́yìn mi yìí."

Ó wá kọ ọ́ pé, "Kí ni mo fẹ́ sọ fún wọn?" Mo kà á fún Màmá. Wọ́n ní, "Fún un ní nọ́ńbà ibí. Sọ fún un kó pè."

Mo tẹ nọ́ńbà bíróò. Ibẹ̀ ni mo ti wá rántí pé okùn kan ṣoṣo la ní. Bí mi ò bá gé eré náà, ìpè kò lè wọlé. Oṣù mẹ́rin ni mo fi wá ọkùnrin yìí, èmi náà ni kí n wá fi ọwọ́ ara mi já okùn tó so wá pọ̀? Ẹni tí kò dáhùn fún ọdún márùn-ún? Ẹ̀rù bà mí, mo jókòó bí òkúta.

"Gé e," ni Màmá wí.

Mo gé e. A jókòó. Mo gbọ́ bí ọ̀kadà mẹ́rin ṣe kọjá lójú títì, mò ń bú ara mi nínú. Nígbà tí tẹlifóònù dún, èmi ni mo fò sókè. Màmá ti gbé e ṣáájú mi.

"Maximin," ni wọ́n wí, ohùn wọn tutù. "Ọmọbìnrin tó kú lọ́wọ́ yín lẹ́ẹ̀kan yẹn, ṣé ẹ ti sọ fún ìyá rẹ̀?"

Mo ti sọ fún wọn pé yóò jí. Wọ́n gbọ́ mi, wọ́n sì mọ̀ dáadáa.

"Sọ fún un lónìí. Má jẹ́ kí obìnrin náà jókòó fún ọdún márùn-ún, kó máa bi èèyàn léèrè ní gbogbo Sunday."

Láti ibi tí mo dúró sí ni mo ti gbọ́ ọ, ọkùnrin ọlọ́dún méjìdínlógójì, tí ó ń ké bí ọmọdé. Màmá ò ní kó dákẹ́. Wọ́n fi tẹlifóònù mọ́ etí gbágbágbá, wọ́n di ojú, wọ́n ń gbọ́ ohùn ọmọ wọn.