Ilé Wa ní Ẹpẹ́

Láti ọjọ́ tí Gàníyù ti fi iṣẹ́ bọ́ọ̀sì wíwà sílẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Ẹpẹ́ kò ti kúrò lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Bó bá jí, Ẹpẹ́ ni. Bó bá jẹun tán, Ẹpẹ́ ni. Hàlímọ̀tù ìyàwó rẹ̀ á máa gbọ́ ọ láti ilé ìdáná fláàtì wọn ní Peckham, ní London, bó ṣe ń bá bíríkìlà sọ̀rọ̀ lórí fóònù, tó ń pariwo bí ẹni pé ariwo ni yóò gbé ohùn rẹ̀ sọdá òkun.

Ilé náà ti jẹ ìgbà èwe wọn tán. Nígbà tí Rahmah, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ṣì ń lọ sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ra ilẹ̀. Rahmah ti lọ́kọ kí wọ́n tó rí òrùlé bo ilé náà. Ṣùgbọ́n ní báyìí, wọ́n ti lẹ táìsì, wọ́n ti gbẹ́ bohóò, wọ́n ti kun gbogbo ara ilé. Ó ku kí àwọn tó ni ín kó wọnú rẹ̀.

"Lẹ́yìn ìtúnu ààwẹ̀," ni Gàníyù máa ń wí. "Lẹ́yìn ìtúnu, Ìyá Rahmah, àwa àti òtútù ilẹ̀ yìí ti parí nìyẹn."

Hàlímọ̀tù á ní, "Kí Ọlọ́run fọwọ́ sí i," á sì máa fọ abọ́ rẹ̀ lọ.

Kì í ṣe pé kò fẹ́ Ẹpẹ́. Ọmọ etí ọ̀sà ni, ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ni wọ́n sin ìyá rẹ̀ sí. Ó rẹ̀ ẹ́ ni. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan nítòsí Old Kent Road ló ti ṣiṣẹ́ láti ìgbà tó ti dé ìlú òyìnbó. Ó gbé arúgbó dìde, ó wẹ arúgbó, ó pààrọ̀ aṣọ ibùsùn arúgbó, títí òun náà fi di arúgbó. Ìgbà tó sì rò pé òun ti fẹ̀yìn tì, òun yóò sinmi, Rahmah bí ìbejì. Ní gbogbo ọ̀sán ọjọ́ iṣẹ́, òun ni yóò wọ bọ́ọ̀sì lọ mú àwọn ọmọ náà nílé-ìwé wọn ní Kennington, ìbáà jẹ́ òjò, ìbáà jẹ́ yìnyín.

Ojú rẹ̀ sì tún wà níbẹ̀. Àìsàn ìtọ̀ ṣúgà ti wọ ojú rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, á tún lọ sí ọsibítù, dókítà á sì gún un lábẹ́rẹ́ nínú ẹyinjú gan-an. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó rò pé ẹ̀rù ni yóò pa òun. Nígbà tó pẹ́, ó kàn máa ń dùbúlẹ̀ ni, kó máa ka súrà tó bá wá sí i lẹ́nu. Dókítà ti sọ fún un pé bó bá fi lè dá a dúró, ìmọ́lẹ̀ á máa lọ díẹ̀díẹ̀, èyí tó bá sì lọ kò ní padà wá. Òun nìkan ló máa ń lọ, òun nìkan ló sì máa ń bọ̀. Gàníyù kì í lè wo abẹ́rẹ́.

Nígbà tí ààwẹ̀ ku díẹ̀, wọ́n gbọ́ pé Fọlọ́runṣọ́ ti padà dé, ó sì wà lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Catford. Gáráàjì kan náà ni òun àti Gàníyù ti wa bọ́ọ̀sì. Ó ti tó ọdún mélòó kan tó ti kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Ìlá, tí gbogbo wọn ṣàdúrà fún un, tí wọ́n jó, tí wọ́n sì jowú rẹ̀. Òun ni Gàníyù máa ń tọ́ka sí bí ẹnikẹ́ni bá ń ṣiyèméjì: "Fọlọ́runṣọ́ dà? Ṣé kò lọ ni?"

Tọkọtaya náà lọ kí i lọ́jọ́ Sunday. Ọmọ rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn fún wọn, ló bá kó àwọn ọmọ tirẹ̀ jáde kí àwọn àgbà lè ráyè sọ̀rọ̀. Orí sófà ni Fọlọ́runṣọ́ jókòó sí. Hàlímọ̀tù rí i pé orí sófà náà ló ń sùn, nítorí pé ó ká bùláńkẹ́ẹ̀tì àti ìrọ̀rí sí ẹ̀gbẹ́ kan, àpótí aṣọ rẹ̀ sì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó ti rù, ṣùgbọ́n ẹ̀rín rẹ̀ kò yí padà.

"Kí ló ṣẹlẹ̀?" ni Gàníyù bi í lẹ́yìn tí wọ́n kíra tán. "Ṣé wọ́n jà ọ́ lólè ni?"

"Ta ni yóò jà mí lólè? Àwọn ará Ìlá tọ́jú mi bí ọba. Péńṣàn ni, Gàníyù. Iye tí péńṣàn mi jẹ́ lọ́jọ́ tí mo wọ bàálù, iye yẹn náà ló jẹ́ dòní. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbí, ọdọọdún ni wọ́n ń fi kún tiyín. Tèmi dúró gbagidi bí igi. Àwọn ìlú kan wà tó jẹ́ pé bó o bá lọ síbẹ̀, wọ́n á máa fi kún un fún ọ. Nàìjíríà ò sí lára wọn."

"Wọn ò sọ fún ọ kó o tó lọ?"

"Ṣé mo bi wọ́n ni? Owó àfikún tí wọ́n ń fún àwa tí péńṣàn wa ò tó nǹkan, ìyẹn tiẹ̀ dáwọ́ dúró pátápátá. Mo ní kò burú, mo ń gbin ẹ̀gẹ́, mo ń jẹ ẹ́. Àfìgbà tí àìsàn ọkùnrin gbé mi dè, tí mi ò lè tọ̀ mọ́. Iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ní kí n ṣe níbẹ̀, ilé ni mo máa tà kí n tó lè san án. Ni mo bá padà wá."

"Fláàtì rẹ ńkọ́?"

Fọlọ́runṣọ́ rẹ́rìn-ín. "Mo ti dá kọ́kọ́rọ́ padà fún kánsù tó ni ín. Ẹlòmíràn ló ń sùn níbẹ̀. Mo lọ sọ fún wọn pé mo ti dé, wọ́n ní kí n kọ́kọ́ fi hàn pé ìlú yìí ni mò ń gbé lóòótọ́. Èmi! Èmi tí mo wa bọ́ọ̀sì nílùú yìí títí ìbàdí mi fi yẹ̀!"

Hàlímọ̀tù ló wá bi í pé, "Ẹ kábàámọ̀ pé ẹ lọ ni, Bọ̀ọ̀dá?"

Ó ro ọ̀rọ̀ náà dáadáa kó tó dáhùn. "Rárá. Àárọ̀ tí mo jí sí nílé bàbá mi, mi ò lè fi wé ohunkóhun. Ṣùgbọ́n ibi tí mò ń lọ nìkan ni mo wò, ìyàwó wa. Mi ò wo ohun tí mò ń fi sílẹ̀."

Ìgbà tí wọ́n délé tán, Gàníyù bọ́ kóòtù rẹ̀.

"Fọlọ́runṣọ́ ò mọ ètò ṣe ni. Ó yára jù. Tiwa ò ní rí bẹ́ẹ̀."

"Bàbá Rahmah," ni Hàlímọ̀tù wí, "ojú mi ńkọ́?"

"Ojú rẹ ṣe rí?"

"Ẹ ti bá mi sọ̀rọ̀ bohóò. Ẹ ti bá mi sọ̀rọ̀ géètì, ẹ ti sọ irú òdòdó tẹ́ ẹ máa gbìn sí ẹnu ọ̀nà. Ẹ ò bá mi sọ̀rọ̀ ojú mi rí."

"Dókítà ojú pọ̀ l'Ékòó."

"Wọ́n pọ̀. Ta ni yóò máa san owó wọn ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ gún mi? Péńṣàn tó dúró bí igi? Ó rẹ̀ mí, Bàbá Rahmah. Mi ò ní agbára ìjà. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé kí n máa táràrà láti yàrá dé balùwẹ̀ nínú ilé tí mo fi òógùn mi kọ́ lẹ fẹ́, ẹ sọ ọ́ sí mi létí kí n mọ̀."

Gàníyù jókòó. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, ó ń wò wọ́n bí ẹni tí kò mọ ẹni tó ni wọ́n. "Kí la wá kọ́ ilé náà fún?" ló wí.

Hàlímọ̀tù lọ gbé omi tíì kaná.

Nígbà tí Rahmah gbọ́ pé Ẹpẹ́ lè má ṣeé ṣe mọ́, inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbá ìyá rẹ̀ mọ́ra. "Oh, thank God! Mummy, ẹ ò mọ bí mo ṣe ń stress. Mo ti ń ronú pé tẹ́ ẹ bá lọ, ta ló máa ṣe school run?"

Hàlímọ̀tù rọra yọ ara rẹ̀ kúrò. "Rahmah, jókòó. Mi ò sọ pé nítorí school run ni mo ṣe fẹ́ dúró. Bàbá ẹ fẹ́ kí n wá máa bá òun gbé Ẹpẹ́, ìwọ fẹ́ kí n máa sáré tẹ̀lé bọ́ọ̀sì. Kò sẹ́ni tó bi mí pé kí ni mo fẹ́. Láti ìsinsìnyí lọ, ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ ni mo lè lọ mú wọn."

"Two days? Mummy, please now! Ṣé ẹ mọ iye tí wọ́n ń gbà fún childcare ní London yìí?"

"Ó wọ́n, mo mọ̀. Èmi náà wọ́n."

Kí Rahmah tó lọ, ó nu àwo tí kò tíì gbẹ nílé ìdáná, ohun tí kò ṣe rí láti ọjọ́ pípẹ́.

Hàlímọ̀tù ló sọ ohun tó kù láti ṣe. Kí wọ́n fi ilé Ẹpẹ́ háyà. Kí wọ́n fi yàrá kan lẹ́yìn sílẹ̀ fún ara wọn, kí wọ́n máa lọ lo ọ̀sẹ̀ díẹ̀ níbẹ̀ láàárín abẹ́rẹ́ kan sí èkejì, kí fláàtì Peckham sì wà lọ́wọ́ wọn. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni Gàníyù kò fi pe bíríkìlà, kò sì pe ẹnì kankan. Lẹ́yìn náà, ó gbé fóònù, ó sì pe mọ̀lẹ́bí wọn kan nílé. Hàlímọ̀tù gbọ́ ọ láti ilé ìdáná. Lọ́jọ́ yìí, kò pariwo rárá. "Ẹni tó níwà," ló ń sọ. "Ẹni tí kò ní ba ògiri jẹ́."

Nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Hameedah ló gba ilé náà, òun, ọkọ rẹ̀ àti àwọn ọmọ wọn. Lẹ́yìn ìtúnu ààwẹ̀, bí Gàníyù ṣe máa ń wí, wọ́n lọ sí Ẹpẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àpótí kọ̀ọ̀kan ni wọ́n gbé.

Ọ̀sán ni wọ́n débẹ̀. Gàníyù bọ́ bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn pálọ̀, ó tún fà á padà, ó sì kànkùn. Ó kan ilẹ̀kùn ilé tó fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́. Hàlímọ̀tù gbójú sápá kan kí ó má bàa rí ojú òun.

Hameedah kúnlẹ̀ kí wọn, ó sì gbé ẹja tútù tó ti fi ata sè wá. Nígbà tó ku òun àti Hàlímọ̀tù ní ilé ìdáná, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Mummy, mo ti yege nínú ìdánwò tí wọ́n ń ṣe fún àwa nọ́ọ̀sì tó fẹ́ lọ. Físà ló kù. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé London dáa?"

Hàlímọ̀tù wò ó. Ọmọdébìnrin tó lágbára, tí ẹ̀yìn rẹ̀ nàró, tí ojú rẹ̀ mọ́ kedere. Ó fẹ́ sọ pé kó má lọ. Ó sì rántí pé owó ọ̀hún náà ló kọ́ ilé tí àwọn dúró sí yìí.

"Ó dáa," ló wí. "Ó máa ń rẹ èèyàn ni. Bó o bá débẹ̀, ọjọ́ tó o bá wọṣẹ́ ni kó o ti bèèrè ọ̀rọ̀ péńṣàn, má dúró dọjọ́ ogbó. Ohun tí ò bá yé ẹ, tún un bèèrè. Kó o sì ra bàtà tí omi ò lè wọ̀."

Hameedah rẹ́rìn-ín. "Bàtà, Mummy?"

"Bàtà."

Lọ́jọ́ náà, Hàlímọ̀tù wọ yàrá ẹ̀yìn, ó dùbúlẹ̀ lọ́sàn-án gangan, kò sí ọmọ tó fẹ́ lọ mú, kò sí bọ́ọ̀sì tó fẹ́ lé. Ó sùn títí wọ́n fi pe ìrun Àṣàrí. Nígbà tó la ojú, Gàníyù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń fetí sí àwọn ọmọ Hameedah tí wọ́n ń sáré kiri inú ilé.

"Ìsáré wọn ti pọ̀ jù," ló wí.

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa sáré," ni Hàlímọ̀tù wí.

Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n padà sí Peckham ni abẹ́rẹ́ kàn. Hàlímọ̀tù ń wá síkáàfù rẹ̀ nígbà tó rí Gàníyù tó ti wọ kóòtù.

"Níbo lẹ̀ ń lọ?"

"Ibi tí ò ń lọ."

Wọ́n jẹ́ kó bá a wọlé. Ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n kán oògùn sí ojú ìyàwó rẹ̀ kí ó má bàa mọ ìrora, wọ́n fi irin kékeré kan fa ìpéǹpéjú rẹ̀ sílẹ̀, dókítà sì gbé abẹ́rẹ́ sókè. Hàlímọ̀tù rò pé ọkọ òun yóò sá jáde. Kò sá. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, kò sì gbójú kúrò.

Nígbà tí wọ́n jáde sí òpópónà, òjò wẹliwẹli ń rọ̀. Gàníyù gba báàgì ọwọ́ rẹ̀.

"Ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é látọjọ́ yìí?" ló bi í.

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Gàníyù fà á sábẹ́ ibi tí òjò ò ti lè pa á, wọ́n sì dúró de bọ́ọ̀sì.