Ọgọ́ta Yáàdì Ọ̀nà fún Àǹtí Tinúkẹ́

Mo lá àlá kan lánàá, kì í sì í ṣe ti òru. Ọ̀sán gangan ni, lórí àga, lẹ́yìn tí mo jẹ ẹ̀bà tán. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó wà nílẹ̀ kí n tó sùn, torí àlá náà kò dédé wá.

Ẹ mọ ẹ̀gbọ́n mi, Àǹtí Tinúkẹ́, tó ń gbé lọ́dọ̀ mi. Láti ìgbà tó ti ṣubú níwájú ṣọ́ọ̀ṣì lọ́dún tó kọjá, tí orúnkún rẹ̀ yẹ̀, kò jáde kọjá géètì mọ́. Dókítà ní orúnkún ti san, kó máa rìn. Kò rìn. Nígbà tí mo wá gbọ́ pé omi kan wà nínú ọgbà igbó ìjọba tó ń já wálẹ̀ láti orí àpáta, tí ọ̀nà ibẹ̀ sì tẹ́jú débi pé àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ń rìn ín, mo ní a ó lọ ní Sátidé. Àǹtí kò ní bẹ́ẹ̀ ni, kò ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó kàn sọ pé, "Dérìn, ìwọ lo mọ̀." Ọ̀rọ̀ yẹn ló wà lọ́kàn mi tí oorun fi gbé mi lọ.

Nínú àlá, àwa méjèèjì ti dé ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gba ìwé àṣẹ láti wọ ọgbà náà. Ọ́fíìsì náà kò sí nílẹ̀. Ó léfòó sókè bí igi àgbọn ṣe ga tó, wọ́n fi okùn so ó mọ́ òpó iná kó má baà lọ. Mo bi ẹ̀ṣọ́ tó wà níbẹ̀ bí a ó ṣe gòkè.

"Ẹ ní sùúrù," ó ní. "Bó bá di aago mẹ́wàá, á sọ̀kalẹ̀ wá jẹun."

Ó yé mi dáadáa. Nígbà tí aago mẹ́wàá lù, ọ́fíìsì náà sọ̀kalẹ̀ lóòótọ́, ó ṣílẹ̀kùn fún wa, a wọlé, òun náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ koríko lábẹ́ wa.

Ọ̀gá ibẹ̀ ń jẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Fájìnmí, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó wọ awò ojú. Ó dìde kí Àǹtí. "Ẹ kú ìrìn, mà."

"N ò rìn," Àǹtí dáhùn. "Wọ́n mú mi wá ni."

"Ọ̀nà wo lẹ fẹ́?"

"Èyí tó rọrùn jù," ni mo sọ.

Ó fa dúrọ́ọ̀ yọ, ó mú ọ̀nà kan jáde tí wọ́n ká bí ẹní, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Ilẹ̀ pupa ni, ewé gbígbẹ wà lórí rẹ̀, ìjàlọ sì ń kọjá lọ ní tiwọn. Mo ní kó gé ogójì yáàdì fún wa.

"Ogójì kéré," ó ní. "Omi ò ní mọ̀ pé ẹ wá."

A fi sí ọgọ́ta. Ó mú àlùmọ́gàjí. Ọ̀nà náà wá sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gé ibi tí ìbòji wà kúrò. Ibẹ̀ ni ìyá yìí ti máa sinmi." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n kọ́ dáadáa nílé ni.

Ó ku kí a fọwọ́ sí ìwé. Mo na ọwọ́ sí bírò, Ọ̀gbẹ́ni Fájìnmí sì dá mi dúró. Ó ní kì í ṣe èmi, kì í sì í ṣe Àǹtí. Orúnkún ni. Àǹtí gbé ìró rẹ̀ sókè díẹ̀, orúnkún náà wúkọ́, ohùn ìyá wa tó ti kú ló sì fi sọ̀rọ̀.

"Ara mi ti yá láti oṣù kẹta," ó ní. "Kì í ṣe èmi ni mo ní ká jókòó sílé."

"Ta wá ni?" Ọ̀gbẹ́ni Fájìnmí béèrè.

Àǹtí fi ìró bo orúnkún náà. Ó wá ní, "Ìró mi tú lọ́jọ́ yẹn, lójú gbogbo ìjọ. Mo gbọ́ ẹ̀rín."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Láti ọjọ́ náà, orúnkún nìkan ni mo ń béèrè. N kò bi í léèrè ohun mìíràn rí.

Ọ̀gbẹ́ni Fájìnmí fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìwo ti ń hù lórí rẹ̀, irùngbọ̀n rẹ̀ sì ń gùn. Kó tó di pé ó mú bírò, ó ti di òbúkọ, awò ojú ṣì wà lójú rẹ̀. Ó fa ìwé wa mọ́ra, ó jẹ ẹ́.

"Ṣé kò sí wàhálà?" ni mo bi í.

"Wàhálà wo? Ó ti wọ fáìlì nìyẹn."

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní gbogbo ọ́fíìsì nìyẹn, n ò bá a jiyàn. Mo gbé ọ̀nà wa léjìká, a tẹ́ ẹ síta, bí a ṣe gbé ẹsẹ̀ lé e ni igbó yí wa ká. Gbogbo ìjọ Àǹtí ló jókòó sórí bẹ́ńṣì lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Bí Àǹtí bá gbẹ́sẹ̀ kan, ẹnì kan á ṣubú láti orí bẹ́ńṣì, á dìde, á gbọn ara rẹ̀ nù, á ní, "Ẹ kú ìrìn, mà." Àní àlùfáà náà ṣubú. Àǹtí ń dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, ìrìn rẹ̀ sì ń yá sí i.

Nígbà tí ọ̀nà tán, àpáta ló dúró níwájú wa, gbígbẹ ṣákáṣáká.

"Omi ti gba ìsinmi," àpáta sọ. "Ọjọ́ Mọ́ńdè ló máa wọṣẹ́."

Ojú tì mí. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dárí jì mí. Ẹ jẹ́ ká padà."

Àǹtí jókòó sórí òkúta, ó bọ́ bàtà. "Dérìn, o ò bi mí rí."

"Kí ni n ò bi yín?"

"Bóyá mo fẹ́ wá."

Mo wá bi í. "Ṣé ẹ fẹ́ wá?" Ó la ẹnu láti dáhùn, omi sì dún yàà lẹ́yìn wa, ó ń ti ìsàlẹ̀ gòkè bọ̀, òbúkọ aláwò ojú sì ń sáré níwájú rẹ̀ bí ẹni tó pẹ́ dé ibi iṣẹ́.

Mo jí. Omi ṣì ń dún. Àwọn aláṣẹ omi ti ṣí i fún àdúgbò wa, ẹ̀rọ omi ẹ̀yìnkùlé ń dà yaaa sínú dúrọ́ọ̀mù, dúrọ́ọ̀mù ti kún àkúnwọ́sílẹ̀. Àǹtí dúró sínú omi náà láìwọ bàtà, ó ń wo bó ṣe ń já.

Mo lọ dúró tì í. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ fẹ́ lọ ní Sátidé?"

Ó ti ẹ̀rọ náà pa kó tó dá mi lóhùn.

"Sátidé, èrò á pọ̀ níbẹ̀," ó ní. "Bó bá jẹ́ Túsìdeé, mo máa lọ."

Ìdí nìyí tí ẹ ò fi ní rí mi níbi iṣẹ́ ní Túsìdeé. Ẹ bá mi sọ fún ọ̀gá.